Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Tú sí Àgbàlá Ìyá Àgbà

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Kò sí ẹni tó ròyìn rẹ̀ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni láti Kankon títí wọ Àgbádárìgì bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ ní kó wá bá mi ní ṣẹ́ẹ̀dì mi létí títì ńlá, kó wo ojú mi, kó tún un sọ. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá mi ní àgbàlá ilé wa ní Ìbẹrẹko, èmi ni wọ́n gbé àpótí fún pé kí n jókòó tì í. Mo sì jókòó. Kò sí nọ́ọ̀tì kan tó jáde lára ẹ́ńjìnnì náà tí n kò rí. Mo kàwé dé kíláàsì kẹrin, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ní sùúrù rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi bá ti gbé wọlé, kì í jáde mọ́. Lónìí, bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè tó ń rú èéfín, kó tó dúró ni mo ti máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn kan rò pé mo lo nǹkan sí ojú ni. N kò lo nǹkan kan. Ọdún kan ṣoṣo ni mo fi kọ́ ọ, ọdún tí Àǹtí Rísì fẹ́ lọ sílé ọkọ.

Ilé Ìyá Àgbà ni ilé wa nígbà náà. Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi, òun ló kọ́ ilé, òun ló ni àwọn ààrò tí a fi ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, bí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, òun ló ni ọkọ̀, nítorí ẹja ló ra ọkọ̀ náà. Bàbá mi kàn ń wà á ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́yìn gbọọrọ ni, àwọ̀ rẹ̀ bí àgbọn tó gbó. Ẹja yíyan ló ń kó lọ sọ́jà, èèyàn ló ń kó bọ̀. Gbogbo ilé wa ló ń rùn èéfín. Aṣọ ilé ìwé mi ń rùn ún, ìrọ̀rí ń rùn ún, kódà omi inú ìkòkò àmù ní òórùn igi àgbọn díẹ̀. Àwọn ọmọ adúgbò máa ń pè mí ní Ẹja Yíyan, inú mi sì ń dùn sí i, torí ilé tó ń yan ẹja kì í jẹ gàrí lásán. Màámi máa ń fi omi ẹja gbígbóná ro gàrí wa, á pọ́n bí epo, á ta lẹ́nu, a ó sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú jẹun. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa ojú dé báyìí tí mo rántí ilé náà, òórùn kọ́ ló ń kọ́kọ́ dé. Ìró ìgbálẹ̀ ni. Ṣàà, ṣàà, ṣàà, nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun àsárì, tí oòrùn ti ń lọ sí apá ilẹ̀ Àjàṣẹ́.

Ìgbálẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yìí, Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ilé wa kò ní ọgbà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé ọ̀nà lọ sí títì lè gba àgbàlá wa kọjá. Iyanrìn ibẹ̀ funfun, ó sì kúnná bíi èlùbọ́ tí a kù. Ìyá Àgbà á gbá a yí ààrò ká títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú ọ̀sà tí atẹ́gùn ò fẹ́, á wá fi ẹ̀yìn rìn padà wọlé kó má bàa tẹ ohun tó gbá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á mú ọ̀pá rẹ̀, á yí ibẹ̀ ká, á máa ka ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ajá rèé. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ rèé. Ti ọmọ Bàbá Lámídì rèé, bàtà rẹ̀ já lápá òsì. Ẹja kan kò lè sọnù nílé wa kí a má mọ ẹni tó gbé e. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Iyanrìn kì í purọ́, ọkọ mi. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀." Mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe gba pé iná ń jó. Mo ṣì gbà á gbọ́.

Àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà ni Àǹtí Rísì, àbúrò bàbá mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sùn dàgbà. Òun ló máa ń lọ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ajido, ibẹ̀ ló sì ti rí Mautin. Ègùn ni Mautin, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ń bẹ. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ràn omi, ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó ga, ó dúdú, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, kì í sì í gbà pé ẹnìkan mọ ẹ́ńjìnnì ju òun lọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀ púpọ̀. Ìyá Àgbà kò kọ̀ ọ́ torí pé ó jẹ́ Ègùn, ìyá tirẹ̀ náà Ègùn ni. Kò sì bínú sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Ohun tó bà á nínú jẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí mẹkáníìkì kan ti gbé ọkọ̀ wa lọ tún ṣe rí, ó sì yọ ohun tuntun inú rẹ̀, ó fi ògbólógbòó dípò. Láti ìgbà náà, ọ̀kan náà ni mẹkáníìkì àti ológbò ẹ̀yìn ààrò lójú Ìyá Àgbà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wa wá kú pátápátá, tí àwọn ará ilé Mautin sì wá tọrọ ìyàwó ní àkókò kan náà, ó pe gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Láyé tiwa," ló wí, "ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ á wá bá àna rẹ̀ roko, kí wọ́n lè wo ọwọ́ rẹ̀. Àwa ò lóko. Ẹ́ńjìnnì tó kú la ní. Kó wá bá mi ro ó, níbí, lójú mi. Bó bá ro ó tó jí, kó mú ìyàwó rẹ̀ máa lọ. Bí kò bá jí, kálukú á wà láyè ara rẹ̀."

Mautin fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Mo gbà, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì mi. Iyanrìn pọ̀ níbí, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló wà lọ́dọ̀ mi."

"Ṣé sìmẹ́ńtì máa ń gba ojú ẹsẹ̀?" ni Ìyá Àgbà bi í.  Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà láàárín àgbàlá wa ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí.

Ẹ wò ó, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, n kò tíì gbádùn iṣẹ́ kankan bí mo ṣe gbádùn ìjókòó orí àpótí yẹn. Láràárọ̀, Mautin á dé, á dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, á wá yíjú sí mi. "Ọ̀gá Ọlọ́pàá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti ka ẹsẹ̀ mi?" Èmi á ní kó gbé ọwọ́ sókè, á gbé e, á yí po kí n lè rí i pé kò kó nǹkan sápò. Àǹtí Rísì á gbé àgbọn àti gàrí wá, á dúró díẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí olóúnjẹ dúró. Mautin á ní, "Rísì, ìyá rẹ ń wo wá." Àǹtí Rísì á ní, "Kí wọ́n máa wò. Ṣé èmi náà kọ́ ni ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń ṣọ́?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí mo ń rín nígbà náà. Mautin fi bẹntiróòlù fọ gbogbo nǹkan. Ó gbé ara ẹ́ńjìnnì, tó ní ihò mẹ́rin tí písítìnì ń lọ bọ̀ nínú wọn, lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ha wọ́n, bàbá mi àti èmi sìn ín lọ, nígbà tó padà dé, ihò rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ṣùgbọ́n ríìngì tuntun, ìyẹn àwọn òrùka irin tó ń yí písítìnì ká, kò tètè ti Èkó dé. Atẹ́gùn iyọ̀ ibi tiwa kì í sì í jẹ́ kí irin sinmi, ìpẹtà á mú un kí o tó ṣẹ́jú. Mautin wá fi ọ́ìlì pa gbogbo ihò náà, ó fi tàpólì bò ó, ó fi okùn dì í yípo, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Ìyá Àgbà kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kó má ṣí nǹkan nínú ilé rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí Mautin bá ti lọ, á tú okùn, á ká tàpólì kúrò, á fi ìka ka ihò kọ̀ọ̀kan àti písítìnì kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọkọ mi, ìwọ náà kà á." Èmi á kà á. Á pé. Á wá gbé ìgbálẹ̀, á gbá iyanrìn yí ẹ́ńjìnnì náà ká, kí ẹni tó bá wá fi ọwọ́ kàn án lóru lè pe orúkọ ara rẹ̀. Ìgbà tó bá gbá a tán ló tó ń dá tàpólì padà. Mo rí eruku yẹn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, á pupa, á rọra máa rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń ku èlùbọ́. Mo rò pé ó lẹ́wà. Gbogbo wa la rí i. Nínú ilé tí èéfín àti eérú ti ń fò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ni yóò ka eruku sí nǹkan?

Ọjọ́ tí ríìngì dé, Mautin fi àkísà mímọ́ nu àwọn ihò náà, ó tún fi ọ́ìlì tuntun pa wọ́n, ó to ẹ́ńjìnnì pọ̀. Àkísà kò tó. Èmi mọ̀ ọ́n lónìí, mo sì máa ń pariwo rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi létí: omi gbígbóná àti ọṣẹ ni, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́ títí aṣọ funfun tí o bá fi nù ún á fi jáde ní funfun. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá sọ fún un pé wọ́n ń ṣí ohun tó fi okùn dì? Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì padà sínú ọkọ̀. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́, ó kọ̀, ó tún kọ̀, ó gbà. Màámi sọ ọmọrogùn sílẹ̀. Àǹtí Rísì di ẹnu mú. Èéfín ń jáde lẹ́yìn, Mautin sì ní kí a má fòyà, ọ́ìlì tí òun fi pa inú rẹ̀ ló ń jó, yóò tán tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀. Òótọ́ ló sọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tuntun ṣe máa ń rí. Inú Ìyá Àgbà dùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn. "Kó kó ẹja lọ kó tó bọ̀ ná," ló wí. "Ẹnu ọ̀nà kọ́ ni a ti ń dá ọkọ̀ lọ́lá."

Èéfín náà kò tán. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Nígbà tí bàbá mi ti ọjà dé, ojú rẹ̀ ti yí padà, agbọ̀n ẹja méjì sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ọ́ìlì tó ń jó ti gba ilẹ̀ ọkọ̀ wọ inú ẹja. Màámi fi èékánná bù ú tọ́ wò, ó tu ú dànù. "Bẹntiróòlù ni wọ́n fi se é àbí kí ni?" Ìyá Àgbà kò wo ẹja rárá. Ó wo ọkọ̀. "Ó ti fi ríìngì àlòkù sí i," ló wí.

Mo ní, "Rárá, Ìyá Àgbà. Inú ọ̀rá ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n dì í pa. Mo wà níbẹ̀."

Bàbá mi ní, "Múdà, ẹnu rẹ gùn ju ọrùn rẹ lọ." Ó rán ẹni sí Ajido.

Mautin dé pẹ̀lú àpò irin iṣẹ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé dúró yí ọkọ̀ ká, Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí mi. Mautin ní kí bàbá mi tan ọkọ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó wo èéfín bí ẹni ń wo ojú aláìsàn. "Bó bá funfun, omi ni. Bó bá dúdú, bẹntiróòlù ló pọ̀ jù. Èyí ní àwọ̀ aró díẹ̀ nínú. Ọ́ìlì ló ń jó." Ó padà síwájú, ó ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, èéfín sì ń tú jáde níbẹ̀, fùú, fùú, fùú, bí bàbá arúgbó tó ń fa ìkòkò tábà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀kán ọ́ìlì wínníwínní. Ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ti ta jáde nínú ihò rẹ̀, ọ́ìlì sì ti fọ́n sí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì. "Èémí tó yẹ kó ti písítìnì ti ń sá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sísàlẹ̀," ló wí. "Ìsàlẹ̀ náà kò gbà á, òun ló ń wá ọ̀nà jáde."

"Kí ló jẹ́ kó máa sá?" bàbá mi bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀." Ìgbà tí bàbá mi bá tẹ̀ ẹ́ ni èéfín ń pọ̀, tó bá fi í sílẹ̀, á dínkù. Mautin mi orí, ó ní kì í ṣe apá òkè ló ń jò, ìsàlẹ̀ ni. Ó pa á, ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, méjì nínú wọn tutù, wọ́n dúdú. Ó fi àtàǹpàkò dí ihò ọ̀kan, ó ní kí bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Atẹ́gùn inú rẹ̀ kò lè ti ìka rẹ̀ kúrò. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ Màámi, ó bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò náà, ó tún fi ìka dí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ta ìka rẹ̀ nù, pọ̀ọ̀.

"Ọ́ìlì tí mo bù sí i ló bá wa dí àyè náà. Ibi ríìngì ni," ló wí.

"Kí ni mo sọ?" ni Ìyá Àgbà wí.

 Mautin tú orí ẹ́ńjìnnì, ó fa písítìnì kan jáde. Èmi ti wọ abẹ́ apá bàbá mi dé ibẹ̀, mo rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ògiri ihò tó ń dán bíi dígí yẹn, ìlà wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, bí ìgbà tí ológbò fi èékánná ya ilẹ̀kùn. Mautin fi ìka tọ abẹ́ ríìngì, ó gbé ìka náà sínú oòrùn. Nǹkan ń tàn nínú ọ́ìlì tó wà lórí rẹ̀, kéékèèké, funfun. Ó fi àtàǹpàkò pa á, mo gbọ́ bó ṣe ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó gbé ojú sókè. Ó wo tàpólì rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó wo okùn rẹ̀ tó ní kókó tí kì í ṣe kókó tirẹ̀. Ó wo ilẹ̀ àgbàlá, ojú ìgbálẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Nígbẹ̀yìn, ó wo ìyá arúgbó tó jókòó lórí àpótí, ó sì nu ìka rẹ̀ mọ́ ara ṣòkòtò.

"Kí lo rí?" bàbá mi bi í.

"Èmi ni n kò tò ó dáadáa, Bọ̀ọ̀dá. Ọwọ́ mi ni."

Mo ní, "Iyanrìn ni. Iyanrìn ló wà lọ́wọ́ wọn."

Bàbá mi gbá mi létí. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò, torí Ìyá Àgbà ni mò ń wò. Kò bá mi wí. Ó bojú wo ilẹ̀ tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wò ó bó ṣe máa ń wò ó láàárọ̀ tó bá ń wá ẹsẹ̀ olè.

Àǹtí Rísì sin Mautin dé ìdí igi fúrúùtù níbi tó ti ń ká tàpólì rẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, n kì í jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. "Kí ló dé tí o fi gbà á?" Àǹtí Rísì bi í. Ó ní, "Ṣé kí n fi bíba ìyá rẹ lórúkọ jẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé wa ni?" Àǹtí Rísì ní, "Bí o ò bá sọ ọ́, kò sí ilé kankan tí o máa bẹ̀rẹ̀." Mautin gbé àpò kọ́ èjìká. "Wọ́n á mọ̀ fúnra wọn. Ṣebí àwọn ni wọ́n ní iyanrìn kì í purọ́." Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó pè mí ní Ọ̀gá Ọlọ́pàá, ó gba àárín àgbàlá lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá jáde lórí ohun tí wọ́n gbá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ fara ti ògiri, gbogbo wa rí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìrọ̀lẹ́ kejì, àti èyí tó tẹ̀ lé e, títí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ti èèyàn àti ti adìyẹ fi dàrú mọ́ra wọn, tí kò sì sí ẹni tó lè ka ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ilé mìíràn ìbá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí sàréè, kò sì sí ẹni tí ìbá bi wọ́n. Ìyá Àgbà kò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń fi í yangàn títí dòní. Orí ẹní rẹ̀ ni mo wà nígbà tó pe bàbá mi. "Múráìnà, èmi ni mò ń ṣí i. Iyanrìn tí mò ń gbá ló wọ̀ ọ́. Ọmọ yẹn mọ̀, ó bò mí láṣìírí. Lọ mú un wá kí n bẹ̀ ẹ́, kí ó wá mú ìyàwó rẹ̀." Bàbá mi mú mi dání lọ sí Ajido. Bàbá Mautin wà létí omi, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Kò dìde. Ó ní ọmọ òun ti kó irin iṣẹ́ rẹ̀ kọjá ẹnubodè, ó ti lọ sí ìhà Kútọnu, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti pè ní olè lójú ìyàwó rẹ̀ kì í tún jókòó sí ìtòsí. A fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kò padà wá. Àǹtí Rísì dúró dè é títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó fẹ́ èèyàn dáadáa kan ní ìlú Àgbádárìgì, wọ́n sì bí àwọn ọmọ tó mọ ìwé jù mí lọ. Bí Àǹtí Rísì bá wá sí ṣẹ́ẹ̀dì mi, á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí mo dà, á wo àwọn ẹ́ńjìnnì tí mo fi ọ̀rá wé, á ní, "Múdà, o ṣe é dáadáa." Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà kò fi ọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ohun tí ilé wa pàdánù lọ́dún náà, mo kà á, ó sì pé: ẹ́ńjìnnì kan, agbọ̀n ẹja méjì, ìgbálẹ̀ ìrọ̀lẹ́, àti Mautin.